Ọ̀rọ̀ Tó Ju Ẹkún Lọ: Àwọn Akọ̀ròyìn Tí Ìjọba Lépa, 1993 sí 1998

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Nínú ìtàn-àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, bí irú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, eré àsápajúdé máa ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ayé ní ilẹ̀ wa, àti pé ẹ̀rín inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú wa gbàgbé àwọn tó jìyà rẹ̀.

Ní 1993, ìjọba ológun Babangida fi òfin de ìwé-ìròyìn The News. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi gbé òmíràn jáde, tí wọ́n pè ní Tempo. Eégún kan náà ni, aṣọ ló pààrọ̀. Nígbà tí Abacha gbàjọba ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìlépa tún le sí i. Àwọn olóòtú ń ṣiṣẹ́ láti ibùba kan dé òmíràn. Àwọn agbófinró ń ṣọ́ ọ́fíìsì tó ti ṣófo.

Ibi tí ẹ̀rín parí sí nìyí. Ní 1995, ìgbìmọ̀ adájọ́ ológun dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Kúnlé Àjíbádé, Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles Obi, nítorí ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba. Wọ́n dín in kù sí ọdún 15. Ẹ̀yìn ikú Abacha ní 1998 ni wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Dàpọ̀ Ọlọ́runyọ̀mí ti sá lọ sí òkè òkun; ní 1997, wọ́n ti ìyàwó rẹ̀, Ládi, tí òun náà jẹ́ akọ̀ròyìn, mọ́lé. Bagauda Kaltho di àwátì ní 1996. Ní 1998, ọlọ́pàá ní bọ́ǹbù tí òun fúnra rẹ̀ gbé dání ló pa á ní Kàdúná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá ń ṣe ìbéèrè lórí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ó má mọ sórí ta ló lé ta. Ẹ jẹ́ kí a bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé: ta ni wọ́n mú nígbà tí ọwọ́ kò tó ẹni tó sá? Àwọn tó ta ìwé-ìròyìn wọ̀nyẹn ní kọ̀rọ̀ ṣì wà láàyè ládùúgbò wa. Ẹ rán ọmọ sí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.