Aṣọ eré Mọremí fún ọmọ iléèwé: ìko, àpò kòkó àti ìwé ìròyìn àlòkù

Ìtàn Mọremí Àjàṣorò wà lára àwọn ìtàn tí àwọn olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ máa ń sọ di eré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nígbà tí òpin sáà bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kété tí wọ́n bá ti pín ipa fún àwọn ọmọ tán ni ọ̀rọ̀ aṣọ máa ń dé, tí wọn yóò sì ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé kí wọ́n lọ rán èyí, kí wọ́n lọ yá tọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú ìnáwó bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ rò ni pé nínú eré yìí, aṣọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Aṣọ ni àṣírí tí gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, àwọn ará Ùgbò a máa wọ Ifẹ̀ nínú aṣọ ìko àti koríko, àwọn ará Ifẹ̀ a sì rò pé àwọn ará ọ̀run ló dé. Wọn a sá, wọn a fi dúkìá àti ọmọ sílẹ̀ fún wọn. Mọremí, tí ọ̀pọ̀ ìtàn pè ní aya Ọ̀rànmíyàn, jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Nígbà tó di aya ọba wọn ló tó rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, àti pé iná ni ọ̀tá aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Ó padà wálé, ó tú àṣírí náà, àwọn ará Ifẹ̀ sì fi ògùṣọ̀ pàdé wọn. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò náà gbà. Ọdún Edì tí wọ́n ń ṣe ní Ifẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni aṣọ àwọn ará Ùgbò ní láti ṣe lórí ìtàgé. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ jáde, kí ẹ̀rù ba òǹwòran. Bí àṣírí bá sì tú, kí òǹwòran náà rí ọmọ ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí a rán pọ̀ mọ́ ọmọ lára látòkè délẹ̀ kò lè ṣe ìkejì. Ó dára kí ó jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a so mọ́ ìbàdí, èyí tí a gbé kọ́ èjìká, àti èyí tí a fi bo orí, tí ọmọ lè fi ọwọ́ kan ṣí kúrò.

Ìko gan-an, ìyẹn fọ́nrán tí wọ́n ń bó lára ọ̀dọ́ ewé igi ògùrọ̀, ló bá ìtàn mu jù. Bí kò bá tó, àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi ń di kòkó kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Ifẹ̀. Kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a gbẹ, kí a gé e láti ìbàdí dé orúnkún ọmọ, kí a sì máa yọ àwọn òwú tó dábùú láti ìsàlẹ̀ wá sókè títí yóò fi ku ìwọ̀n ọwọ́ kan lókè. Ohun tó bá kù yóò máa jò wìnnìwìnnì bí ìko. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ náà ṣe é so mọ́ ọn láàárín, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni yóò lò kí ó tó máa já. Ìko àti ìdọ̀họ a máa yún ènìyàn, nítorí náà kí ọmọ kọ́kọ́ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ìtàn náà ní kí iná dé, àwọn ọmọ tó wà lórí ìtàgé sì wọ ohun tí ẹ̀ṣọ́ iná kan ṣoṣo lè mú jó kí àgbà tó dìde. Mọremí fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí iná gidi, ìbáà jẹ́ àbẹ́là, wà nítòsí wọn. Ọ̀pá oparun kéékèèké, tọ́ọ̀ṣì tí a dè mọ́ orí rẹ̀, àti ọ̀rá pupa àti ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè tí a lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu ti tó ṣe ògùṣọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tàbí tí wọ́n bá ti fèrèsé gbọ̀ngàn, òǹwòran yóò gbà pé iná ni. Síbẹ̀, kí garawa yanrìn àti omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, kí ìbòrí má sì bo ojú ọmọ débi tí kò ní rí ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ eré iléèwé kì í kà sí. Àwọn ará Ùgbò kò parẹ́. Ìlú wọn wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, wọ́n ní ọba, wọ́n sì ní ìtàn tiwọn nípa Ifẹ̀. Ọmọ wọn lè wà ní kíláàsì kan náà. Kíkun ojú àwọn òṣèré wọn bí ẹranko, tàbí fífi ìrù sí wọn nídìí, kò sí nínú ìtàn náà, kò sì yẹ ọmọlúàbí.

Ní ti àwọn ará Ifẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí. Àwọn ère idẹ tí wọ́n wú ní Ìta Yemòó ní 1957 fi Ọọ̀ni hàn tòun ti adé, ìró tí ó so mọ́ ìbàdí, àti ìlẹ̀kẹ̀ tó bo àyà, ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí agbádá níbẹ̀. Léèsì tí wọ́n máa ń kó bo Mọremí kò tíì dé rárá: láti Austria ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́pọ̀ yanturu ní àwọn ọdún 1960. Ankárá pàápàá, ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló dé etíkun wa. Kíjìpá àlòkù tàbí tẹ́rú funfun dára jù wọ́n lọ. Bí a bá gún obì, tí a rẹ ẹ́ sínú omi, tí a sì ki aṣọ bọ̀ ọ́ fún òru kan, yóò pọ́n díẹ̀ bí aṣọ tí ọjọ́ ti lò. Kí àwọn ọmọbìnrin ró o láti oókan àyà lórí síńgílẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀, kí a sì fi okùn dè é lábẹ́, nítorí ìró a máa tú nígbà tí wọ́n bá ń sáré.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni kí a má ṣe fi ṣeré. Ní Igbó Olókun, níbi tí àwọn ará Ifẹ̀ ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tiwọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí èyí tó lé ní 12,000, aláwọ̀ búlúù sì pọ̀ nínú wọn. Kàlẹ́ńdà àlòkù tí a gé tín-ín-rín, tí a fi gọ́ọ̀mù wé mọ́ ọwọ̀ ìgbálẹ̀, tí a yọ, tí a kùn ní búlúù tàbí pupa, yóò fi ẹ̀yìn jọ wọ́n lójú ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Àwọn ọmọ kékeré lè ṣe èyí fúnra wọn, ó sì dára ju kí a yá iyùn ìyá oníyàá lọ, kí ó wá já sórí ìtàgé.

Fún adé, kí a dojú igbá dé, kí a fi ọ̀rá bò ó kí ìwé má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí a ya ìwé ìròyìn àlòkù sí wẹ́wẹ́, kí a máa fi sítáàsì tàbí ẹ̀kọ tó ki lẹ̀ ẹ́ ní ipele mẹ́rin sí márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn ni yóò fi gbẹ; ní ìgbà òjò, kí a fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí olùkọ́ má ṣe sọ pé Àárẹ̀ ni òun ń ṣe. Adé mímọ́ ni ìyẹn, tí Ọọ̀ni ń dé ní ọdún Ọlọ́jọ́ nìkan. Adé ọba lásán ti tó fún eré.

Lẹ́yìn eré, kí a gbọn ìko àti ìdọ̀họ, kí a sá wọn, kí a so wọ́n kọ́ ara ògiri dípò kí a ká wọn. Adé ni kí a gbé sínú agolo tó ní ìdérí, nítorí eku àti aáyán fẹ́ràn sítáàsì púpọ̀.