Ta ló kọ́ wa ní "d'accord"?



Ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ wa lójú ọjà. "Ká pàdé láago mẹ́rin." "D'accord." Ó parí. Àwa àgbà náà ń sọ ọ́.

Inú èdè Látìn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà, níbi tí wọ́n ti ń pe ọkàn ní "cor". Ẹni tó bá ní d'accord ń sọ pé ọkàn àwọn ṣọ̀kan. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e wá kò bèèrè ohun tó wà lọ́kàn wa. Ní 1897, Faransé àti Jámánì jókòó ní Paris, wọ́n fa ààlà Dahomey àti Togo: Kambolé bọ́ sọ́hùn-ún, Manigri kù síhìn-ín. Owó orí tẹ̀ lé e, pẹ̀lú iṣẹ́ àfipáṣe tí òfin kò fòpin sí títí di 1946. Nílé ìwé Faransé, wọ́n ń gbé àmì kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbà, ọwọ́ ẹni tí kì í bèèrè la ti gbà á.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ àlejò burú. "Tóò" jọ "to" àwọn Hausa, tí wọ́n ń ru obì láti Salaga gba Djougou kọjá. "Inṣa Allah" bá ẹ̀sìn wọlé (a sì mọ àwọn tó ń fi í sá fún àdéhùn!). Kò sí èdè tí kò ní irú rẹ̀: "vale" làwọn ará Sípéènì ń sọ, ìyẹn ni pé ó níye lórí.

Tiwa ló ní ìpele. "Ó dáa": ọ̀rọ̀ rẹ tọ́ lójú mi, n kò tíì ní mo ń bọ̀. "Kò burú": mo lè fara mọ́ ọn, inú mi kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. "Mo gbà": àdéhùn ti wọ̀ mí lọ́rùn. "Ó yá": ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. D'accord kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Bí bíríkìlà bá sọ ọ́ fún wa lónìí, a kò mọ èyí tó ń wí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́ tí a kò ní rí i.

Ẹ̀yin ará Kambolé, báwo làwọn àgbà yín ṣe ń dá ẹni tó bá ní "ká lọ" lóhùn? Ẹ kọ ọ́ síbí, bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an.