Òjìji tí Ged tú sílẹ̀

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé kan lálẹ́ yìí: A Wizard of Earthsea, tí Ursula K. Le Guin kọ. Ó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968. Ìtàn oṣó ni. (Ẹ má tíì sá o, kì í ṣe irú oṣó tí ìyá yín ń tìtorí rẹ̀ jí gbàdúrà lóru.)

Ní 1967, Herman Schein, onílé ìtẹ̀wé kan ní California, ní kí Le Guin kọ ìwé fún àwọn ọ̀dọ́. Kò kọ irú rẹ̀ rí. Nígbà yẹn, oṣó inú ìwé àwọn òyìnbó, baba arúgbó onírùngbọ̀n funfun ni: Merlin, Gandalf. Le Guin wá rò ó pé, àwọn baba wọ̀nyí, ṣé wọn ò ṣe ọmọdé rí ni? Níbo ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn oṣó ní erékùṣù Roke ti jáde, ọdún 29 kí Harry Potter tó dé.

Ged wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ abúlé ni, ewúrẹ́ ló ń dà tẹ́lẹ̀. Ó lẹ́bùn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jasper, ọmọ ìdílé ńlá, mọ ibi tó ti máa dùn ún: ó máa ń rọra fi í ṣẹ̀sín, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ mọ irú wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ di ta ló tó, ta ni ò tó. Ged bá pe obìnrin kan tó ti kú tipẹ́. Obìnrin náà yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjìji kan tí kò lójú tẹ̀ lé e bọ́ sáyé, ó fò mọ́ Ged, ó fà á lójú ya. Nemmerle, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, fi gbogbo agbára rẹ̀ dí ihò náà. Ẹ̀mí rẹ̀ ló bá a lọ.

Mo pẹ́ lójú ewé yẹn. Jasper ò kú, Ged ò kú. Baba tí kò bá wọn dá sí ìjà ló san gbèsè ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n mọ òun.

Òmíràn ì bá wá ọba burúkú kan fún Ged pa. Le Guin ò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ogun ńlá kankan. Ged sá, sá, sá, bó ṣe ń sá ni òjìji náà ń lágbára sí i. Ogion, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ló ní kó yíjú padà, kó máa lé ohun tó ń lé e.

(Ẹni tí kò tíì kà á, ẹ fo èyí.) Níbẹ̀, oníkálukú ló ní orúkọ gidi tó ń fi pamọ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè darí rẹ̀. Ged wa ọkọ̀ lọ bá òjìji náà lópin òkun, ó pè é lórúkọ: Ged. Lẹ́ẹ̀kan náà, òjìji náà pe orúkọ kan náà. Kò ṣẹ́gun rẹ̀ o. Ó gbà pé òun ni. Wọ́n ti kọ́ wa pé ìwà lẹwà. Ìwé yìí ń béèrè nípa ìwà wa tí kò lẹ́wà, èyí tá a fẹ́ kó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà. Ged kì í ṣe òyìnbó. Awọ rẹ̀ pọ́n bíi bàbà, Vetch ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dúdú. Àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ ni wọ́n ń wá kó ìlú. Le Guin mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò sì kéde rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀: ó fẹ́ kí ọmọ òyìnbó tó ń kà á ti fẹ́ràn Ged tán kó tó mọ̀. Lọ́dún tí wọ́n pa Martin Luther King! Àwọn tó ń ta ìwé ò lè gbà á. Èèpo ìwé lórí èèpo ìwé, wọ́n ń ya Ged ní òyìnbó, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú níwájú ìwé kì í tà. Ní 2004, Sci Fi Channel fi í ṣe fíìmù tẹlifíṣàn, òyìnbó tún ni Ged. Inú bí màmá náà, ó sọ ọ́ síta nínú ìwé ìròyìn Slate.

Ó kú ní oṣù kìíní 2018. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, gbogbo ìtàn Earthsea jáde pọ̀ nínú ìwé gbàǹgbà kan. Òun àti ayàwòrán Charles Vess ti fi ọdún mélòó kan jọ sọ̀rọ̀ lórí àwọn àwòrán inú rẹ̀ kó tó kú. Ged tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òyìnbó.