Ìtàn Ọkọ̀ Akẹ́rù 911 àti Orúkọ Rẹ̀

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ará Jámánì wo ilé tiwọn kí wọ́n tó pe ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz kan ní 911. Àwa náà wo ilé tiwa kí a tó pè é ní agbégilódò. Orúkọ méjèèjì yìí ni ó fà mí wọ inú ìtàn ọkọ̀ náà, nítorí èdè ni mo ń kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Òfin ni ó bí ọkọ̀ yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹrù pọ̀ lójú títì ní Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gùn sí i, wọ́n ń tóbi sí i. Hans-Christoph Seebohm, mínísítà tí ó ń ṣe àkóso ìrìnnà nígbà náà, fẹ́ kí ẹrù padà sọ́dọ̀ rélùwéè, ó sì fi òfin há àwọn ọlọ́kọ̀ mọ́. Láti ọdún 1958, ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú tírélà tí ó ń fà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 14 lọ, àpapọ̀ ìwúwo wọn kò sì gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 24 lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, òfin gbà tó tọ́ọ̀nù 40.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè sọ ọkọ̀ dà. Bí a bá ti fi òpin sí gígùn rẹ̀ láti imú dé ìdí, ibi tí imú bá gbà ti dín kù lára ibi tí à ń kó ẹrù sí, owó ọlọ́kọ̀ sì ni ó bá a lọ. Àwọn kan gé imú náà kúrò pátápátá, wọ́n gbé awakọ̀ jókòó lórí ẹ́ńjìnnì. Ilé-iṣẹ́ Daimler-Benz gba ọ̀nà àárín. Ní ọdún 1959 wọ́n gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn títí ìdajì rẹ̀ fi wọ inú ilé awakọ̀, tí imú rẹ̀ sì wá kúrú, tí ó rí roboto. Kurzhauber ni wọ́n ń pè é. Kurz ni kúkúrú, Haube sì ni ìbòrí, yálà ti orí obìnrin tàbí ti ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwa ń pè ní bọ́nẹ́ẹ̀tì. Oníbòrí kúkúrú ni ọkọ̀ náà ń jẹ́, bí a bá fẹ́ pè é ní Yorùbá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń dá àwòrán wọn mọ̀ ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, bí L 322, tí kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ní ọdún 1963 ni wọ́n yí i padà tí nọ́ńbà sì di ọ̀rọ̀. L dúró fún Lastwagen: Last ni ẹrù, Wagen ni ọkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwúwo ní tọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà ni agbára ẹ́ńjìnnì tí a fi mẹ́wàá pín. Nítorí náà, 911 túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù 9 àti agbára ẹṣin 110. 1113, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù 11 àti agbára ẹṣin 130. Bí K bá tẹ̀ lé L, típà ni, láti ara Kipper. Bí ó bá jẹ́ A, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń fà. (Ẹ má ṣe fi í wé ọkọ̀ eré Porsche tí òun náà ń jẹ́ 911. Ti ìyẹn kò ní ìtumọ̀ kankan: 901 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní àwọn ni ó ni nọ́ńbà tí òdo wà láàárín rẹ̀, ni wọ́n bá fi 1 rọ́pò òdo.)

Ní ọdún 1964, ẹ́ńjìnnì tuntun dé, OM 352, tí ó ń fọ́n dísẹ̀lì tààrà sínú sílíńdà dípò kí ó kọ́kọ́ gba yàrá kékeré kan kọjá. Epo tí ó ń jẹ dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ilé ti ń sú ọkọ̀ náà. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti dẹ òfin Seebohm díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ Jámánì ti fẹ́ràn ọkọ̀ tí kò nímú rárá, Daimler-Benz fúnra rẹ̀ sì ń ṣe é fún wọn.

Ẹ̀yìn odi ni ọlọ́nímú kúkúrú ti rí ilé. Wọ́n ṣe é ní São Bernardo do Campo ní Bùràsíìlì, wọ́n ṣe é ní Ìránì. Nílẹ̀ wa, Bedford tí ó ti Ìlú Òyìnbó wá, tí a fi pákó kan ara rẹ̀, ni ó ti wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ANAMMCO ní Emene, lẹ́bàá Enugu, ń to ọkọ̀ Mercedes-Benz pọ̀. Mo rò pé ìdí tí a fi fẹ́ ẹ kò jìnnà. Mẹkáníìkì kan lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó sì tún ẹ́ńjìnnì ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, láìsí kọ̀ǹpútà kankan tí yóò dá a lẹ́kun. Awakọ̀ kò sì jókòó gan-an lórí ẹsẹ̀ iwájú tí gbogbo kòtò ń bá jà.

Yorùbá kì í fi nọ́ńbà sọ ọkọ̀ lórúkọ bí ó bá lè fi ìṣe pè é. Bọ́lẹ̀kájà, gbólóhùn odindi ni: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Agbégilódò, iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni: a, gbé, igi, ní odò. Orúkọ tí ó dùn létí ni, n kò sì ní gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Náìn-ẹ̀lẹ́fìn náà wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n a yá ìró rẹ̀, a kò yá ìtumọ̀. Ohun tí ó wà nínú 9 yẹn kì í ṣe oyè. Òpin ni, ara ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí a tó gbé ohunkóhun lé 911, òun fúnra rẹ̀ ti jẹ ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ nínú mẹ́sàn-án náà. Gẹdú ìrókò tútù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà mẹ́fà, kò jìnnà sí tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Gẹdú kan, ó bọ́ sí i. Gẹdú méjì, ó ti kọjá mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ni mo sábà máa ń rí, mo sì ti rí mẹ́rin, tí a fi ṣéènì dè pọ̀, tí mọ́tò-bọ́ì jókòó lé lórí. Àwọn tí ń ṣe sipíríǹgì mọ̀ pé ẹrù náà pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ewé irin kún ti tẹ́lẹ̀ kí ìdí ọkọ̀ má baà balẹ̀. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí ó bá a ti Jámánì wá, ti tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ni.