Ron Paul: Dókítà agbẹ̀bí tó sọ "rárá" di iṣẹ́ nílé aṣòfin Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá ń tẹ̀lé àwọn tó máa ń jiyàn lórí Bitcoin àti dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ pé kí Amẹ́ríkà ti báńkì àpapọ̀ rẹ̀ pa. Bàbá kan láti ìpínlẹ̀ Texas, Ron Paul, wà lára àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn di orin lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Dókítà agbẹ̀bí ni. Lápapọ̀, ó lo ohun tó lé ní ọdún 22 nílé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican.

Àbá òfin tó gbé kalẹ̀ lé ní 600. Ẹyọ kan péré ló di òfin, ìyẹn náà sì jẹ́ àbá láti ta ilé aṣọ́bodè àtijọ́ kan ní ìlú Galveston fún àwọn tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́.

Ẹni tí kì í borí nílé aṣòfin, báwo ló ṣe wá lórúkọ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń borí lọ? Ta ni "rárá" rẹ̀ ṣe láǹfààní, ta ló sì dùn? Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ta ni Ron Paul?

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọdún 1935 ni wọ́n bí i sí ìlú Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ó jáde ní Gettysburg College lọ́dún 1957, ó sì gboyè dókítà ní Duke University lọ́dún 1961. Ó ṣe dókítà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú láti ọdún 1963 sí 1965. Lọ́dún 1968, òun àti ìyàwó rẹ̀, Carol, kó lọ sí Texas, ó sì ń gbẹ̀bí ní agbègbè Lake Jackson. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí lé ní 4,000. Àwọn tọkọtaya náà bí ọmọ márùn-ún.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kì í gba owó Medicare àti Medicaid, ìyẹn ètò tí ìjọba fi ń san owó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí kò rí já jẹ. Bí aláìsàn kò bá lówó, á dín in kù fún un tàbí kó tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tiẹ̀, ìrànlọ́wọ́ jẹ́ ohun tí èèyàn ń ṣe láti inú àpò ara rẹ̀, kò yẹ kí ìjọba fi owó orí ẹlòmíì ṣe é.

Kí ló gbé e dé ìdí òṣèlú?

Ọ̀rọ̀ owó ni. Ṣáájú ọdún 1971, ìjọba ilẹ̀ òkèèrè tó bá ní dọ́là lọ́wọ́ lè mú un lọ bá ìjọba Amẹ́ríkà kó sì fi gba wúrà, dọ́là 35 fún ìwọ̀n áúnsì kan. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1971, Ààrẹ Richard Nixon fòpin sí i. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí wúrà kankan lẹ́yìn dọ́là mọ́, àfi ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba.

Ron Paul sọ pé ohun tó lé òun kúrò nílé ìwòsàn lọ sí ìdí òṣèlú nìyẹn. Àlàyé rẹ̀ rọrùn: bí ìjọba bá lè máa tẹ owó jáde bó ṣe wù ú, owó tó wà lápò ẹ ń yọ́ láìsí ẹni tó kì í bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti rí i bí iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì ṣe ń yí padà ní Mile 12 kò nílò kí wọ́n là á yé e jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní bí owó bá so mọ́ wúrà, ọwọ́ ìjọba á di nígbà tí nǹkan bá dojú rú, wọ́n sì máa ń tọ́ka sí ohun tí ojú ayé rí lẹ́yìn ọdún 1929.

Báwo ló ṣe wọlé?

Aṣojú-ṣòfin 435 ló wà nílé náà, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń lò kí wọ́n tó tún lọ bẹ àwọn olùdìbò. Ron Paul du ipò lọ́dún 1974, ó fìdí rẹmi. Nígbà tí ẹni tó borí rẹ̀ gba iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ṣe ìdìbò láti fi rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1976. Ron Paul wọlé. Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn náà ni Bob Gammage ti ẹgbẹ́ Democrat fi ìbò tí kò tó 300 lé e jáde. Lọ́dún 1978, ó padà gba ipò náà lọ́wọ́ Gammage.

Ó wà níbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985. Ó ti du ipò ilé aṣòfin àgbà lọ́dún 1984, ṣùgbọ́n Phil Gramm fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé, ló bá padà sídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí.

Ìpadàbọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1996 ló dùn jù. Greg Laughlin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú Democrat wá sínú Republican, ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń tì lẹ́yìn: Newt Gingrich tó jẹ́ olórí ilé, àti George W. Bush tó jẹ́ gómìnà Texas nígbà náà. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, Ron Paul borí nínú ìdìbò abẹ́lé, ó sì wọlé. Kò tún fi ilé náà sílẹ̀ mọ́ títí di oṣù Kíní ọdún 2013.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní "Dr. No"?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi ń wọn gbogbo àbá: ṣé ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní kedere pé ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti ṣe nǹkan yìí? Bí kò bá sọ ọ́, rárá ni. Kò bìkítà bóyá àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé àbá náà wá. Kò forúkọ sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì àwọn aṣòfin, ó sì máa ń dá lára owó tí wọ́n fún ọ́fíìsì rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lépa àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin Patriot Act dé, èyí tó fún ìjọba lágbára sí i láti máa ṣọ́ àwọn aráàlú, ó wà lára àwọn mẹ́ta péré nínú Republican tó dìbò tako ó nílé aṣojú-ṣòfin. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002, tí ilé fẹ́ fún Bush láṣẹ láti gbógun ti Iraq, àwọn 296 ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn 133 ní rárá. Mẹ́fà péré ló jẹ́ Republican nínú àwọn 133 yẹn, Ron Paul sì jẹ́ ọ̀kan. Ogun yẹn gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn kò sì rí ohun ìjà olóró tí wọ́n ní àwọn ń wá.

Àwọn alátakò rẹ̀ náà ní tiwọn lẹ́nu. Wọ́n ní ó máa ń ti ohun tí agbègbè rẹ̀ ń fẹ́ bọ inú àbá ìnáwó, á wá dìbò tako odindi àbá náà, nígbà tó ti mọ̀ pé yóò wọlé bó ti wù kó rí. Èsì rẹ̀ ni pé owó orí àwọn èèyàn òun ni òun ń gbà padà fún wọn.

Ìgbà mélòó ló du ipò ààrẹ?

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́dún 1988, ó jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ Libertarian, ó sì rí ìbò tó lé ní 430,000. Ti ọdún 2008 àti 2012, inú Republican ló ti wá tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, níbi ìtàkùrọ̀sọ àwọn olùdíje ní South Carolina, ó sọ pé ohun tí Amẹ́ríkà ń ṣe ní Aarin Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, títí kan bọ́ǹbù tí wọ́n ń jù sí Iraq, wà lára ohun tó fa ìkọlù 2001. Rudy Giuliani ní kó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún Giuliani, Ron Paul kò sì gbé e mì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dáwó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là fún un láàárín ọjọ́ kan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2012, ó gba ipò kejì ní New Hampshire, lẹ́ni ọdún 76, àwọn ọmọ yunifásítì sì ń rọ́ tẹ̀lé e. Kò rí tíkẹ́ẹ̀tì náà gbà.

Àbàwọ́n tí kò kúrò lára rẹ̀

Láàárín ọdún 1980 sí 1999, ìwé ìròyìn kéékèèké kan ń jáde lórúkọ rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń sanwó gbà. Àwọn kan nínú wọn kún fún ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí sí àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó yá, Ron Paul ní òun kọ́ ni òun kọ ọ́ àti pé òun kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orúkọ ta ló wà lójú ìwé?

Lọ́dún 1999, nígbà tí ilé fẹ́ fún Rosa Parks ní àmì ẹ̀yẹ wúrà, ó dìbò rárá. Ó ní kò yẹ kí wọ́n fi owó ìlú ṣe é, kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan mú 100 dọ́là wá látinú àpò rẹ̀. Lọ́dún 2004, ilé fẹ́ yẹ́ òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1964 sí fún pípé ogójì ọdún. Àwọn 414 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ron Paul nìkan ló ní rárá. Ó ní òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn oníṣòwò lórí dúkìá wọn mọ́lẹ̀. Aláwọ̀ dúdú tí wọn kò jẹ́ kó jókòó jẹun ní ilé oúnjẹ kan ní Texas kí òfin yẹn tó dé kò lè fojú kan náà wò ó.

Kí ló kan tiwa níbẹ̀?

Ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni owó ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Gbogbo rẹ̀ pátá ló tako. Ó ní àwọn tálákà Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn, àwọn olówó ní ìlú tálákà ló sì ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn lè dùn létí ẹni tó mọ ìwà àwọn olóṣèlú wa. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2003 tí ètò PEPFAR ti bẹ̀rẹ̀, owó Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà fi ń rí oògùn HIV lò.

Èkejì ni ọmọ bíbí sí Amẹ́ríkà, tí àwọn ìdílé kan nílé ti ná owó gidi lé lórí. Àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin ilẹ̀ náà, ti ọdún 1868, ló sọ ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà. Dókítà tó gbẹ̀bí ọmọ 4,000 yìí gbé àbá kalẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe, kí ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì so ara wọn mọ́ ibẹ̀ títí láé, má ṣe ní ẹ̀tọ́ náà mọ́. Àbá náà kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ó sì di ti ilé ẹjọ́.

Kí ló kù lẹ́yìn rẹ̀?

Igi kan kì í dá igbó ṣe, Ron Paul kò sì dá òfin ṣe. Àmọ́ ní oṣù Keje ọdún 2012, àbá rẹ̀ pé kí wọ́n yẹ ìwé báńkì àpapọ̀ wò fínnífínní gba ìbò 327 sí 98 nílé aṣojú-ṣòfin. Ilé aṣòfin àgbà ló gbé e tì. Ọmọ rẹ̀, Rand Paul, tí òun náà jẹ́ dókítà ojú, ti wọ ilé aṣòfin àgbà láti Kentucky lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, ó sì ń gbé irú àbá kan náà kiri.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tún fi fídíò Ron Paul ránṣẹ́ sí yín lórí ọ̀rọ̀ ogun Iraq, ẹ gbọ́ ọ, òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ kàn rántí pé ẹnu tó ní rárá sí ogun yẹn náà ló ní rárá sí Rosa Parks, pẹ̀lú àlàyé kan náà. Ṣé ẹ lè gba ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín.