Ìtàn Owó-Orí Ilé ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Muṣin

Owó-orí ilé ni owó tí ìjọba ń gbà lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tó ní ilé tàbí ilẹ̀, yálà onítọ̀hún ń ṣiṣẹ́ oṣù tàbí kò ṣe é, ó sì wu àwọn aláṣẹ púpọ̀ nítorí pé ilé kò ṣeé gbé sá pamọ́. Ìjà lórí irú owó bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní Èkó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn, lábẹ́ Gómìnà Walter Egerton, gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wá láti Ìjú kí àwọn onílé sì máa san owó omi, ìlú fárí gá, àwọn dókítà méjì, John Randle àti Orísàdípẹ̀ Ọbasá, sì dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti tako ètò náà. Síbẹ̀, owó omi padà di sísan.

Èyí tó wá gbilẹ̀ jù ni tenement rate, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣírò lórí iye tí ilé kan lè mú wọlé lọ́dún bí wọ́n bá fi háyà. Ẹni tí ń gba owó yìí kò jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri Mainland. Yábàá àti Sùúrùlérè, níbi tí LEDB, àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, kó àwọn ènìyàn lọ láti àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó lẹ́yìn 1955, wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, nígbà tí Muṣin tó múlé gbè wọ́n ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967.

Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 fi iṣẹ́ dídíyelé ilé aládàáni sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti sọ ṣáájú, nínú ẹjọ́ Knight, Frank & Rutley ní 1998, pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò láṣẹ láti dá sí i. Ọgbọ́n tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sí i nìyí: òfin Land Use Charge ti 2001 da owó ilẹ̀, tenement rate àti owó àtúnṣe àdúgbò pọ̀ sínú ìwé owó kan ṣoṣo, ó fi orúkọ agbowó sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìwé àdéhùn gbé iṣẹ́ náà lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́.

Ní 2018, lábẹ́ Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, owó náà ròkè débi pé àwọn agbẹjọ́rò Ìkẹjà jáde sí títì, ìjọba sì gé e kù ní oṣù kẹta ọdún náà. Òfin 2020, ti Babájídé Sanwó-Olú, tún gé e sí i. Lórí mílíọ̀nù náírà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé owó lé, onílé tó ń dá gbé ilé rẹ̀ yóò san náírà 394, èyí tó fi gbogbo ilé háyà yóò san 3,940, èyí tí òun àti ayálégbé jọ ń gbé yóò sì san 1,320. Ìpele àárín yìí ló bá Muṣin mu jù, nítorí pé nínú ilé face-me-I-face-you, baba onílé sábà máa ń wà nínú yàrá tirẹ̀, tí àwọn ayálégbé sì to kọjú sí ara wọn lọ títí dé ẹ̀yìnkùlé.

Òfin yọ ilé ìjọsìn, itẹ́ òkú, ilé ìkàwé gbogbogbòò, ààfin ọba tí ìjọba fọwọ́ sí àti ilé-ìwé tí kì í ṣe fún èrè sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi irú ibẹ̀ háyà fún oníṣòwò, ìyọsílẹ̀ náà dópin. Ó yọ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n lórí ilé tí ó ń gbé fúnra rẹ̀ nìkan, ọ̀ràn tó le díẹ̀ ní Sùúrùlérè, níbi tí ọ̀pọ̀ arúgbó ti ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí yàrá iwájú nísàlẹ̀ sì ti di ṣọ́ọ̀bù.