Ẹ̀yin tó fẹ́ mú ajá lọ síbi oúnjẹ ní Ìlá àti Òkè-Ìlá, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbéra

Kò sí bí èèyàn ṣe máa jókòó jẹ iyán ní búkà nílẹ̀ Ìgbómìnà tí ajá kan kò ní í wá dúró tì í. Kò sẹ́ni tó mú un wá, kò sì sẹ́ni tó ń lé e tọkàntọkàn. Ọwọ́ ẹni tó ń jẹun ló tẹjú mọ́, eegun ló ń retí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ ajá tí olówó rẹ̀ fi okùn sí lọ́rùn ni, tó gbé e sínú mọ́tò láti Èkó tàbí Ìbàdàn, tó sì fẹ́ kí àwọn jọ dúró jẹun lọ́nà, kí wọ́n tó lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta ní Ayìnkúnugbá, Òkè-Ìlá.

Ọmọ ìyá ni Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá. Ìlá-Yàrá ni àwọn méjèèjì ti wá, Ọ̀ràngún sì ni oyè ọba ìlú méjèèjì títí di òní. Ìlá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, Òkè-Ìlá sì ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn òkè àti igbó tó yí Òkè-Ìlá ká ló ń fa àlejò wá. Púpọ̀ nínú ibi ìjẹun tí àlejò yóò bá lọ́nà ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ògiri rẹ̀. Búkà ni, abẹ́ àtíbàbà ni, nígbà mìíràn abẹ́ igi ni. Oríire sì nìyẹn jẹ́ fún ẹni tó mú ajá lọ́wọ́, nítorí ìta gbangba ni ibi tó yẹ kí ajá wà nígbà tí èèyàn bá ń jẹun.

Àwọn tó ti gbé òkè òkun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lófin lọ́hùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìmọ́tótó oúnjẹ kì í fẹ́ rí ẹranko nínú ilé oúnjẹ, àfi ajá tó ń ṣiṣẹ́ fún aláàbọ̀ ara, irú èyí tó ń mú afọ́jú rìn. Ọdún 2006 ni ìpínlẹ̀ Florida ṣòfin tó fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti gba ajá sí ibi ìjẹun tó wà níta. Òfin ti California bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015. Níbẹ̀, ajá kò gbọ́dọ̀ gba inú ilé oúnjẹ kọjá, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gun àga, abọ́ tí wọn yóò jù nù lẹ́yìn lílò ni wọ́n sì fi ń bu oúnjẹ tàbí omi fún un. Ní Florida, òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ kan ajá gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ kíákíá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ni ilé oúnjẹ ló ń pinnu, bí ajá kò bá ṣáà ti dé ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ.

Nílẹ̀ Ìgbómìnà, ẹnu olóúnjẹ lòfin. Kí ajá tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni kí ẹ ti lọ kí i: “Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ajá wà lọ́wọ́ wa, ṣé ẹ ó jẹ́ ká so ó mọ́ igi yẹn?” Bí ó bá gbà, ẹ so ó níbi tó jìnnà sí ìkòkò àti odó. Bí ó bá kọ̀, ẹ má bá a jà. Oníbàárà mìíràn ń bẹ níbẹ̀ tí kò ní í jẹun mọ́ bí ó bá rí ajá nítòsí, owó ọjọ́ náà sì ni olóúnjẹ ń wò. Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni àwo. Mùsùlùmí pọ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà, ọ̀rọ̀ itọ́ ajá kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wọn: abọ́ tí ajá bá ti ẹnu bọ̀, ìgbà méje ni hadíìsì ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Abọ́ ajá yín ni kí ẹ mú dání láti ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí rò pé àwọn ará ibí kò mọyì ajá. Ọdẹ kì í fi ajá rẹ̀ ṣeré. Òun ló ń so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn nínú igbó, òun náà ló sì ń fún un ní ìpín tirẹ̀ bí ẹran bá bọ́ sọ́wọ́. Ẹ sì rántí pé ajá ni oúnjẹ Ògún. Ẹni tó bá mú ajá rẹ̀ wá lásìkò ọdún Ògún, kí ó di okùn rẹ̀ mú dáadáa.

Ohun tó mú ká gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde gan-an ni dìgbòlugi. Abẹ́ tábìlì búkà ni ajá àlejò àti ajá ìlú ti ń pàdé, eegun kan ṣoṣo sì tó láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, tí ẹni tó bá fẹ́ là wọ́n yóò fi gba eyín. Inú itọ́ ajá tó ti kó àrùn náà ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń wà. Bí ó bá wọ ara láti ojú egbò, yóò máa gba ojú iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Láàárín oṣù kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń fara hàn, ó sì lè yá tàbí kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ó tó yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń bá àrùn yìí lọ lọ́dọọdún, pàápàá nílẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn 99 nínú 100. Nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tó ń kú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ọmọdé ló ń bá ajá ṣeré, òun náà ni kì í sì í fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ajá bu òun jẹ.

Ọṣẹ àti omi ni àkọ́kọ́ fún ẹni tí ajá bá bù jẹ. Kí ó fi wọ́n fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ó sì gba ọ́síbítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí wọn yóò tún máa gún un fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú abẹ́rẹ́ yìí ti wà: ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1885 ni Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, ní Paris, ọmọ náà kò sì kú. Àwọn kan ṣì ń jó irun ajá tó buni jẹ kí wọ́n fi lé ojú egbò. Kò lè pa àrùn yìí. Àwọn mìíràn a sì pa ajá náà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣeé mú láìséwu, ó sàn kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá dá títí di ìgbà náà, a jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fara pa má dúró de ọjọ́ 10 yìí kí ó tó lọ gba abẹ́rẹ́ o.

Ajá náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta ni dókítà ẹranko ti ń gún un, wọ́n sì sábà máa ń tún un gún lọ́dọọdún. Ti àkọ́kọ́ yìí máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí agbára rẹ̀ tó múlẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò ni wọ́n ń sáré lọ gún un. Ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ náà dání. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní búkà, òun ni yóò gbà yín.

Ní ti ohun tí ajá yóò jẹ, ti ilé rẹ̀ ló dára jù. Eegun adìyẹ tí wọ́n ti sè máa ń ya wẹ́wẹ́, ó sì lè gún un nífun. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ṣokoléètì lè pa á, ẹmu kò sì yẹ kó kàn án lẹ́nu rárá, bó ti wù kí àwọn ọ̀rẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ tó.

Ẹ má tì í mọ́ inú mọ́tò nítorí oúnjẹ. Bí oòrùn bá ń ràn, láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú mọ́tò tí wọ́n ti lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti ìta lọ, ajá kì í sì í làágùn bí èèyàn. Bí olóúnjẹ bá ní òun kò gba ajá, kí ẹnì kan dúró tì í lábẹ́ igi nígbà tí àwọn yòókù bá ń jẹun, kí wọ́n wá gbapò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá sì dá rìn, kí ó ní kí wọ́n pọ́n iyán òun sí ewé, kí ó gbé e jáde.